Rótọ̀ Méjì Tí Kì Í Ṣe Ìbejì

Elétí-ehoro ni wọ́n ń pè é, ó sì ti pẹ́ débi pé bí ènìyàn bá bi í ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, yóò kọ́kọ́ ronú ná. Mẹkáníìkì ni. Ọgbà rẹ̀ wà ní ìdí òkè tí títì gùn lọ sí ilé ìwòsàn: òrùlé páànù kan, kòtò kan tí a ti ń wo abẹ́ ọkọ̀, tábìlì irin kan tí ọ́ìlì ti sọ di dúdú. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Nígbà tí bàbá náà kú, àwọn oníbàárà rò pé yóò ta irinṣẹ́. Ṣe ló ra kún un.

Etí ló fi lókìkí. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù á wá mú un lọ. Kì í wo ọ̀dà, kì í wo ìjókòó. Á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á ní kí wọ́n tẹ sítátà, á tẹ́tí. Lẹ́yìn náà á ní, "Rà á," tàbí, "Má rà á." Kì í ṣàlàyé, wọn kì í sì í bi í.

Nígbà tí àbúrò ọkọ rẹ̀ fẹ́ ra ọkọ̀ tí yóò máa fi kó búrẹ́dì, òun náà ló pè. Oníbúrẹ́dì ni àbúrò ọkọ yìí, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan tí ìyẹ̀fun kì í kúrò ní irun apá rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ gbà ni: ilé ìdáná ilé ìwòsàn tó wà lórí òkè ní kí ó máa gbé búrẹ́dì wá láràárọ̀. Ọkọ̀ tó rí kéré, ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, kò sì wọ́n, nítorí pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí gbogbo ayé mọ̀. Kò ní písítọ̀n, irin tó máa ń lọ sókè-sódò nínú ẹ́ńjìnnì. Rótọ̀ ló ní, méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn.

Ẹni tí kò bá rí i rí, báyìí ló ṣe rí: irin onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yọ ikùn díẹ̀, tó ń yí nínú ilé irin tó rí bí ẹyin tí a fún ní ìbàdí. Bó ti ń yí, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń fa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé, ó ń fún un pọ̀, púlọ́ọ̀gì ń tanná ràn án, ó ń tú èéfín jáde. Lórí igun kọ̀ọ̀kan ni irin pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní síìlì. Òun ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ yàrá kan, ìyẹn àyè tó wà láàárín ẹ̀gbẹ́ kan àti ilé irin, jò sí èkejì. Bí a bá yọ púlọ́ọ̀gì tí a tẹ sítátà, ẹ́ńjìnnì á máa mí láti ojú ihò: fúù, fúù, fúù. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, èémí mẹ́ta. Bí síìlì kan bá ṣẹ́, yàrá méjì tó wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀ ni èémí wọn á rẹ̀yìn. A ó gbọ́ fúù kan, a ó wá gbọ́ fì, fì.

Elétí-ehoro tẹ́tí sí ti iwájú. Fúù, fúù, fúù, ó dọ́gba. Ó tẹ́tí sí ti ẹ̀yìn. Òun náà dọ́gba.

"Ẹ rà á," ó ní.

Oníbúrẹ́dì rà á.

Kò pẹ́ ni oníbúrẹ́dì já wọ ọgbà láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀. Búrẹ́dì wà nílẹ̀ gbẹrẹgẹdẹ bí ẹni pé màlúù rìn lórí wọn.

"Ìyàwó wa, ẹ wá wo nǹkan tí ẹ ní kí n rà."

"Kí ló ṣe é, ọkọ mi?"

"Ó ń gbọ̀n ni! Bí mo bá ń rọra lọ, kò sí wàhálà. Tí mo bá dé ìdí òkè tí mo tẹ̀ ẹ́ kó lè gùn ún, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Gbogbo agbọ̀n búrẹ́dì á wó. Tí mo bá dẹ ẹsẹ̀, á kú sáàárín òkè. Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìdáná ti kìlọ̀ fún mi. Ó ní tí búrẹ́dì òun bá tún pẹ́, tàbí tó bá tún fọ́ wẹ́wẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ yìí, òun á wá ẹlòmíì."

Òdìkejì títì ni mẹkáníìkì kan wà tí wọ́n ń pè ní Tú-u-Dànù, nítorí pé ìwòsàn tó mọ̀ fún gbogbo àìsàn ọkọ̀ nìyẹn. Ó ti gbọ́ ariwo. Ó sọdá, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì nínú àpò.

"Síìlì rẹ̀ ló ti lọ," ó ní. "Ẹ́ńjìnnì tí kò ní písítọ̀n, ṣé ẹ́ńjìnnì nìyẹn? Ẹ̀rọ ìlọta ni. Ẹ gbé e wá bá mi ní Sátidé, kí n tú u dànù, kí n gbé ẹ́ńjìnnì gidi síbẹ̀."

"Ẹnu tìẹ ni síìlì rẹ̀ ti lọ," Elétí-ehoro dáhùn.

Oníbúrẹ́dì kò rẹ́rìn-ín. "Sátidé ni, ìyàwó wa. Tí ẹ bá ti rí ìdí rẹ̀ kó tó di Sátidé, ó dáa. Tí ẹ ò bá rí i, màá gbé e sọdá."

Elétí-ehoro mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Bí ọkọ̀ tí òun fọwọ́ sí bá sọdá títì yẹn, kò sí ẹni tí yóò tún mú òun lọ wo ọkọ̀ mọ́. Àbúrò ọkọ òun kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò nílò kó sọ. Ọkọ̀ tó bá jókòó sínú ọgbà Tú-u-Dànù, gbogbo ẹni tó bá ń gun òkè ni yóò rí i.

Lálẹ́, bí wọ́n ti ń jẹun, ó ro ẹjọ́ fún ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ gbé omi mu, ó nu ẹnu.

"N ò dá sí i o," ó ní. "Ọ̀kan ni mo fẹ́, ìyá mi ló bí èkejì."

Ní ọjọ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó rọrùn. Ó wo púlọ́ọ̀gì, wọ́n dára. Ó wo bí epo ṣe ń wọlé, ó dára. Ó wo àwọn bóòtù tó de ẹ́ńjìnnì mọ́ ọkọ̀, ó bá méjì tó ti tú. Inú rẹ̀ dùn. Ó dè wọ́n pinpin, ó wa ọkọ̀ náà dé agbedeméjì òkè, ó padà. Wọ́n tún ti tú. Ó wá yé e pé bóòtù kọ́ ló ń mú ọkọ̀ gbọ̀n. Gbígbọ̀n ló ń tú bóòtù.

Géèjì kan wà nínú àpótí rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń wọn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó. Àwọn mẹkáníìkì ń pe agbára náà ní kọ́ḿpúrẹ́ṣọ̀n. Kì í lò ó; etí tó fún un. Ẹnu géèjì bẹ́ẹ̀ ní ìdènà kékeré kan tí kì í jẹ́ kí abẹ́rẹ́ rẹ̀ wálẹ̀. Fún písítọ̀n, ìyẹn dára. Fún rótọ̀, irọ́ ló ń pa, nítorí èémí tó lágbára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìkan ni yóò fi hàn. Ó yọ ìdènà náà kúrò, ó fi géèjì sí ihò iwájú, ó tẹ sítátà. Abẹ́rẹ́ fò sókè lẹ́ẹ̀mẹta, ojú ibì kan náà. Ó gbé e sí ihò ẹ̀yìn. Abẹ́rẹ́ fò lẹ́ẹ̀mẹta, ojú ibì kan náà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kò ga tó ti iwájú.

Ó jókòó lórí táyà kan.

Etí rẹ̀ kò purọ́ fún un. Ìbéèrè tó bi etí ni kò pé. Ó bi í bóyá èémí mẹ́ta inú ilé kan dọ́gba. Kò bi í bóyá ilé kìíní àti èkejì dọ́gba.

Tú-u-Dànù ti ń yọjú láti òdìkejì. "Ẹ̀yìn kò lágbára, àbí? Mo ní síìlì ti lọ. Sátidé ń bọ̀!"

Elétí-ehoro ń rò ó. Síìlì tó ti jẹ á máa jò, ẹ́ńjìnnì tó bá sì ń jò, bó bá ti gbóná, á ṣòro láti tan. Èyí ń tan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ì báà gbóná, ì báà tutù. Lẹ́yìn náà, jíjò kì í pín nǹkan dọ́gba. Kò sí bí ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta ṣe lè jò ní ìwọ̀n kan náà láìsí pé ọ̀kan yàtọ̀ díẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ kò bá jò, tí kò sì le tó, a jẹ́ pé yàrá tí a ti ń fún un pọ̀ ló tóbi jù.

Ojú ẹ̀gbẹ́ rótọ̀ kọ̀ọ̀kan ní kòtò kan tí wọ́n gbẹ́ sí i. Ẹ́ńjìnnì mìíràn wà tí kòtò tirẹ̀ jinlẹ̀, òmíràn wà tí tirẹ̀ kò jinlẹ̀. Wọ́n jọra lójú, wọ́n sì wọ ilé kan náà. Ẹni tó tún ẹ́ńjìnnì yìí ṣe kí wọ́n tó tà á, inú ẹ́ńjìnnì méjì ló ti mú rótọ̀.

Ó ránṣẹ́ pe oníbúrẹ́dì. Ó fi jáàkì gbé ẹ̀gbẹ́ kan ọkọ̀ sókè títí ihò púlọ́ọ̀gì fi kọjú sókè. Ó yí ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú ọwọ́ títí ẹ̀gbẹ́ rótọ̀ iwájú fi dé ibi tí àyè ti kéré jù. Ihò púlọ́ọ̀gì méjì ló wà lára ilé kọ̀ọ̀kan; ó dí ti ìsàlẹ̀, ó fi síríǹjì fa ọ́ìlì tó ki, ó sì gbé síríǹjì lé àbúrò ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ máa tú u sí i. Ẹ máa kà á."

Oníbúrẹ́dì tú u. Ó kún dé etí. Wọ́n fà á jáde, wọ́n ṣe ti ẹ̀yìn bákan náà. Nígbà tí iye tó kún ti iwájú wọlé tán, ti ẹ̀yìn kò tíì kún.

"Ó ṣì ń mu!" oníbúrẹ́dì kígbe.

"Ẹ máa fún un."

Ó fún un títí. Ó wò ó pẹ́, ó nu ọ́ìlì ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò. "Agolo búrẹ́dì ni," ó ní. "Tí mo bá bu ìyẹ̀fun pípò kan náà sínú agolo méjì, tí ọ̀kan jinlẹ̀, ti inú èyí tó jinlẹ̀ ò ní wú dé etí."

"Ẹ ti gbọ́ iṣẹ́ mi."

"Òun ló wá ń gbọ̀n?"

"Ìyẹn ni kò jẹ́ kó lágbára. Ìwúwo ló ń mú un gbọ̀n. Èyí tí wọ́n gbẹ́ jù fúyẹ́ ju èkejì. Tí wọ́n bá ń rọra yí, kò hàn. Tí wọ́n bá sáré, ọ̀kan á máa wọ́ èkejì kiri."

Oníbúrẹ́dì gbé síríǹjì sílẹ̀. "Ẹ sì ní kí n rà á."

"Mo ní kí ẹ rà á. Mo ṣì í sọ. Ẹ fi sílẹ̀ níbí, kí ẹ yá kẹ̀kẹ́ ẹrù lò di Sátidé."

Ó mú ọkọ̀ èrò lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ àlòkù tà. Ìyá kan ló ń ṣọ́ ibẹ̀, tó jókòó lórí ìjókòó ọkọ̀ tí kò ní ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì onírótọ̀ kan ṣoṣo ló ní, rótọ̀ méjèèjì inú rẹ̀ ló sì ní kòtò tó jinlẹ̀. Elétí-ehoro fi èékánná ha ẹrẹ̀ kúrò lójú wọn. Lẹ́tà kan náà ni wọ́n tẹ̀ sí méjèèjì lára; òun ni wọ́n fi ń mọ àwọn tí ìwúwo wọn dọ́gba.

"Ẹ ní ọ̀kan ló ń dà yín láàmú," ìyá náà ní. "Kí lẹ fẹ́ fi méjì ṣe?"

"Inú ilé kan ni wọ́n ti jọ dàgbà, mà. Kí ẹ tún fún mi ní irin ìwúwo tó wà níwájú, àti irin róbótó tó wà lẹ́yìn. Wọ́n bá wọn rìn ni, àwọn ni kì í jẹ́ kí yíyí wọn mi ọkọ̀."

"Ẹ ò ní gba ìjókòó tí mo jókòó lé náà?"

"Ẹ dìde ná, kí n wò ó."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó dín owó kù fún un dáadáa.

Nígbà tí Elétí-ehoro padà dé ọgbà, ó tú ẹ́ńjìnnì oníbúrẹ́dì ká lórí tábìlì. Bó ti wí náà ló rí: rótọ̀ ẹ̀yìn jinlẹ̀, ti iwájú kò jinlẹ̀, lẹ́tà wọn kò sì bára mu. Ó gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó fọ àwọn tó rà bọ̀, ó fi síìlì tuntun sí igun kọ̀ọ̀kan, sípíríǹgì kékeré lẹ́yìn rẹ̀, ó fi ọ́ìlì pa á, ó rọra sọ̀ wọ́n kalẹ̀ sínú ilé wọn. Ẹ̀yìn dùn ún. Ó na ẹ̀yìn, ó tún tẹ̀.

Tú-u-Dànù sọdá wá wò. Ó fi ẹsẹ̀ kan rótọ̀ iwájú tó wà nílẹ̀. "Èyí tó lágbára lẹ yọ sílẹ̀? Ẹ wá fi ọ̀lẹ méjì síbẹ̀?"

"Ìjà ni mo yọ."

Ní ọ̀sán Fúráídè ó tan án. Ó tẹ́tí sí ti iwájú, ó tẹ́tí sí ti ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ó mú géèjì. Abẹ́rẹ́ fò níwájú, ó fò lẹ́yìn, ojú ibì kan náà. Kò ga tó bí ti iwájú àtijọ́ ti ga. Ó ti mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí.

Ní Sátidé, wọ́n kó búrẹ́dì sí i, gbígbóná. Oníbúrẹ́dì wà á, òun jókòó ti í. Nígbà tí wọ́n dé ìdí òkè, ọkọ̀ fà sẹ́yìn.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ̀rù ń bà mí, ìyàwó wa."

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, ọkọ mi."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn ẹ́ńjìnnì gòkè, ó tún gòkè, ó dún gbọọrọ bí okùn tí wọ́n fà le. Oníbúrẹ́dì di sítíárì mú bí ẹni tó ń retí ẹ̀ṣẹ́. Kò sí nǹkan. Agbọ̀n kan kò dún lẹ́yìn. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ru yanrìn yà wọ́n sílẹ̀, awakọ̀ rẹ̀ juwọ́ sí wọn.

"Yanrìn yà wá sílẹ̀!" oníbúrẹ́dì ní.

"Ṣé ó fọ́ búrẹ́dì yín?"

Wọ́n gorí òkè. Ọ̀gá ilé ìdáná jáde, ó wo aago ara ògiri, ó fi ìka tẹ búrẹ́dì mẹ́ta káàkiri agbọ̀n, ó wo ìka rẹ̀. "Ẹ kó o wọlé," ó ní. "Ọ̀la, ẹ fi agbọ̀n kan kún un."

Bí oníbúrẹ́dì ti ń kó o wọlé, Elétí-ehoro wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú sípánà. Ó dán àwọn bóòtù wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó tú.

Nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, Tú-u-Dànù ti ṣí géètì rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, ó ti so ṣéènì tí wọ́n fi ń gbé ẹ́ńjìnnì kọ́ sókè, ó dúró lẹ́bàá títì, ó ń juwọ́ pé kí wọ́n yà wọlé.

Oníbúrẹ́dì tẹ họ́ọ̀nù kí i, kò yà.

"Agbọ̀n kan ló fi kún un," ó ní. "Mi ò tíì po ìyẹ̀fun ọ̀la."