Fáìlì Tí Ẹ̀dà Kẹsàn-án Kò Mọ̀

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Àǹtí Agbẹ̀bí fi kó ìdílé wọn sínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìgbẹ̀bí ló ra ètò kan tí wọ́n fi ń to ìran, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí èèyàn inú rẹ̀ fi pé ẹgbẹ̀ta ó lé méjìlá. Abẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan ló ń kọ ohun tó bá gbọ́ sí: ẹni tó bínú kúrò nílé fún ọdún méje, ẹni tó fẹsẹ̀ wáyé.

Kọ̀ǹpútà yẹn darúgbó. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló tàn án kó tó jí. Ó ra kọ̀ǹpútà tuntun àti ẹ̀dà ètò náà tó dé kẹ́yìn, àmọ́ fáìlì kọ̀, kò ṣí. Ó pe ilé-iṣẹ́ tó ṣe é.

“Ẹ̀dà kejì lẹ ń lò, mà,” ọkùnrin kan dáhùn. “Ẹ̀dà kẹsàn-án la wà báyìí. Ẹ ní láti kọ́kọ́ gba inú ẹ̀dà kẹfà kọjá.”

“Ẹ tà á fún mi.”

“A ò tà á mọ́, mà.”

“Ta ló wá ń tà á?”

“Kò sí, mà.”

“Ìran mẹ́fà ló wà nínú fáìlì mi, kò sí èyí tó ní òun ò mọ bàbá òun. Ẹ̀dà tiyín ni ò wá mọ ẹni tó bí i?”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní òfin ilé-iṣẹ́ ni. Ọ̀nà kan ló kù: kó yí fáìlì náà sí oríṣi tí gbogbo ètò ìdílé lè kà. Ó yí i. Orúkọ dé pé pérépéré, ọjọ́ ìbí náà dé. Ìtàn abẹ́ wọn ò dé, ẹyọ kan ṣoṣo báyìí.

Ọ̀rọ̀ di iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. Ó gbé kọ̀ǹpútà méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó ń wo ti àtijọ́, ó ń tẹ àwọn ìtàn náà sínú tuntun. Kò jẹ́ pa ti àtijọ́, kó má lọ sùn kó má jí mọ́. Torí ẹ̀, kò lè rìnrìn àjò. Ọmọ rẹ̀ obìnrin bímọ, orí fóònù ló ti kí i kú ewu.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, awọnlẹ̀, wá wò ó. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò jáde mọ́. Ẹ sún, ẹ jẹ́ n bá yín tẹ̀ ẹ́.”

Àbúrò náà ń tẹ̀ ẹ́ lọ títí ó fi kan orúkọ ara rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé: *Kò ké nígbà tí wọ́n bí i. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, èmi ni mo gbé àtùpà dání. A ti ń wá aṣọ tí a ó fi dì í lọ sin kó tó ké.*

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. “Ẹ ò sọ fún mi rí.”

“Kí ni kí n sọ? O ṣáà ké.”

Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń wá. Wọn ò tíì dé ìdajì. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ ni wọ́n kọ fáànù sí kó má baà gbóná, àwọn méjèèjì á sì jókòó síbẹ̀, òógùn á máa bò wọ́n.