Ìdá Kan Nínú Mẹ́ta Igi Kajú Mùyìbátù

Bí ẹ bá dé Ìwéré-Ilé, tí ẹ rí obìnrin arúgbó kan tó ń ju òkò lu ajá, ẹ má wulẹ̀ béèrè, Mùyìbátù ni. Ó kó òkò jọ sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni kó iṣu jọ. Ẹnu rẹ̀ tún wá burú ju òkò lọ. Ó ti bú ọlọ́kadà, ó ti bú àwọn tó ń ra kajú, ó ti bú ìmáàmù rí lórí ọ̀rọ̀ omi àlùwàlá. Ẹ wá gbọ́ o: obìnrin yìí kan náà ló ní òun fẹ́ fi igi kajú òun sílẹ̀ fún ìtọ́jú ajá.

Háà! Ìlú gbọ́, ìlú dàrú.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Ẹgbẹ́ kan wà ní Ṣakí tó ń tọ́jú ẹran tí kò ní alábòójútó: ajá, ológbò, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí wọ́n ti lò gbó. Florence, dókítà ẹran tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, máa ń wá sí Ìwéré lọ́jọ́ ọjà lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta, á fún àwọn ajá ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tó yá, kò wá mọ́. Mùyìbátù gun ọ̀kadà lọ bá a ní Ṣakí, ó bú u kó tó kí i.

"Ẹ má bínú, Màmá," Florence dáhùn. "Abẹ́rẹ́ ló tán. Kò sẹ́ni tó ń ràn wá lọ́wọ́ mọ́."

Mùyìbátù jókòó, ó ronú díẹ̀. "Tí mo bá kú," ó ní, "ẹ ó ní kajú."

Ọ̀rọ̀ dé etí Ràsáàkì, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Ọkọ Mùyìbátù ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, òun náà ti kú. Tẹ́lẹ̀, Ìyá Samsudeen ni gbogbo ìlú ń pè é. Nígbà tọ́mọ lọ tán, wọ́n sọ ọ́ di Ìyá Oníkajú, wọ́n ní kí orúkọ náà má baà máa dùn ún. Ó ń dùn ún síbẹ̀. Ràsáàkì nìkan ló wá kù tó máa jogún rẹ̀, ó sì ti ń wo oko náà bí ológbò ṣe ń wo ẹja gbígbẹ. Ọ̀ọ́dúnrún igi, gbogbo wọn ló ń so! Ọkùnrin tí kò bá a ro ebè kan rí! Tó bá ti di ìgbà iṣẹ́ báyìí, ẹ̀yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni wọ́n kírun tán tí Ràsáàkì pe ẹbí jọ, ó sì pe Àáfà Ṣùkúrù sí i.

"Àáfà, ẹ gbà mí! Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ sọ ajá di ajogún. Ajá! Ohun tí kò mọ́!"

"Fara balẹ̀, Ràsáàkì," Àáfà dá a lóhùn. "Ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí èèyàn ní, ó lè fi sílẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe ajogún rẹ̀. Ìwọ lo ni ìdá méjì tó kù. Tó bá sì jẹ́ ti ajá, ẹnì kan fún ajá tí òùngbẹ ń gbẹ lómi rí, Ọlọ́run sì forí jì í."

Ràsáàkì tún ọ̀nà míì wá. "Ilẹ̀ wá ńkọ́? Ilẹ̀ ẹbí ni! Ta ló ń fi ilẹ̀ ẹbí tọrẹ?"

Ohun tí Mùyìbátù ń retí nìyẹn. Ó ki ọwọ́ bọ inú tòbí, ó fa ìwé kan yọ tó wé sínú ọ̀rá. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sẹ́yìn, nígbà tó fẹ́ gbin kajú, Ràsáàkì yìí náà ló ní kò ní gbìn ín àfi tó bá tẹ̀ka síwèé, kó má baà di pé lọ́la á ní òun lòun nilẹ̀.

"Àáfà, ẹ bá mi kà á."

Àáfà kà á: ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí, igi jẹ́ ti Mùyìbátù nìkan, ẹbí kò ní ìpín níbẹ̀, ẹni tó bá sì fi igi lé lọ́wọ́ ni yóò máa ká a títí igi yóò fi kú.

"Ta ló kọ ọ́?" Mùyìbátù bi àbúrò rẹ̀. "Ìwọ ni! Ẹni da eérú leérú ń tọ̀."

Àwọn ẹbí bú sẹ́rìn-ín. Inú wá bí Ràsáàkì débi pé kò ro ọ̀rọ̀ kó tó sọ ọ́. "Ẹ̀yin tí ẹ ń lẹ ajá lókò káàkiri! Kí ni ajá ṣe fún yín tí ẹ fi ń fún un nígi?"

Gbogbo àgbà tó wà níbẹ̀ ló mọ ohun tí ajá ṣe.

Mùyìbátù dìde. "Samsudeen ni ajá ṣe fún mi, ó di ọdún méjìlélógún báyìí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ajá ta ni, Ràsáàkì? Ajá ọdẹ rẹ ni. Mo bẹ̀ ọ́ títí kí o mú un lọ gba abẹ́rẹ́, o ní o ò ráyè ajá. Nígbà tó bu ọmọ mi jẹ, o fi ewé sójú ọgbẹ́, o ní ara ajá rẹ le. Ọjọ́ kẹta lajá kú. O sin ín sẹ́yìnkùlé, o sì ń wojú mi sọ pé ó ń jẹun. Nígbà tó máa fi toṣù kan, ọmọ mi ń sá fómi. Omi, Ràsáàkì! Mo gbé ife sí i lẹ́nu, ó ń gbọ̀n." Ó mí kanlẹ̀. "Mo kórìíra ajá. Mo kórìíra ìwọ náà. Ṣùgbọ́n ajá ò mọ ohun tó ṣe, ìwọ mọ̀. Abẹ́rẹ́ ni mo ń fi igi mi rà. Ohun tójú mi rí, ojú ìyá ọlọ́mọ kankan ò ní rí i mọ́ ní Ìwéré yìí."

Àáfà kọ ìwé ìhágún náà níbẹ̀, ó na bírò sí Ràsáàkì pé kó wá fọwọ́ sí i bí ẹlẹ́rìí. Ó fọwọ́ sí i.

Mùyìbátù ò tiẹ̀ dúró de ikú. Kajú tó ká lọ́dún náà, ó bu ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ṣakí. Bẹ́ẹ̀ ni Florence tún fi dé lọ́jọ́ ọjà, tí Mùyìbátù sì jókòó tì í. Oòrùn ti wà lókè nígbà tí Ràsáàkì yọ, tó ń fa ajá rẹ̀ tuntun lókùn. Ajá náà kọ̀, ó ń gbó, kò sẹ́ni tó fẹ́ bá dókítà dì í mú.

"Ẹ kú iṣẹ́," ni Ràsáàkì kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Samsudeen."

Mùyìbátù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fún ajá náà lẹ́nu mú. Kò wo ojú àbúrò rẹ̀.

"Ọdún méjìlélógún," ó ní. "Dókítà, ẹ gún un."