Ìpàkọ́ Àṣàkẹ́

Ìgbà tí mo gbóhùn Àṣàkẹ́ kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ irun orí rẹ̀ la ń sọ. Orí fóònù ni, lọ́sẹ̀ tó ṣáájú Kérésìmesì ọdún 2007. Mo wà ní kíṣìnì mi ní Spandau, mo fi èjìká ti fóònù mọ́ etí, mò ń ṣa ẹ̀wà. Òun wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Hamburg, mò ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú irun gbẹ lẹ́yìn rẹ̀. Mo bi í bóyá ó ti jẹ́ kí ẹnì kankan fọwọ́ kan orí rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti tú u, mo ti fọ̀ ọ́, mo ti fi òrí pa á. Ó wà nílẹ̀ fún yín. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa dì í."

Mo ní kó búra. Ó ní ọmọ Kérúbù kì í búra, kí n máa ṣa ẹ̀wà mi lọ. Ló bá gbé fóònù sílẹ̀.

Òun ni ìyá wa bí lé mi. Nílé wa ní Ìlá Ọ̀ràngún, èmi ni mo pọ̀n ọ́n, èmi náà ni mo kọ́kọ́ di irun fún un, nígbà tí irun ọ̀hún ò tíì ju ohun tí èèyàn lè fi ìka méjì mú lọ. Nígbà tí àwa méjèèjì fẹ́ wá sí Jámánì, ìyá wa pè wá jókòó, kò sọ̀rọ̀ owó, kò sọ̀rọ̀ ọkọ. Ó ní gbogbo Kérésìmesì tí Ọlọ́run bá mú wa rí, kí a di irun fún ara wa, kí a ya fọ́tò, kí a fi ránṣẹ́ sí òun. Ṣùgbọ́n méjì ni òun fẹ́. Ọ̀kan kí a kọjú síta. Ìkejì kí a kẹ̀yìn síta, kí òun rí ìpàkọ́ wa.

"Ojú lè rẹ́rìn-ín fún oní-fọ́tò kí ìyà máa jẹ onítọ̀hún," ohun tó wí nìyẹn. "Ìpàkọ́ ò mọ irọ́ pa. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni. Bí mo bá rí ìpàkọ́ yín tó dán, tó gún, màá mọ̀ pé ẹ ṣì ní ara yín."

Oní-fọ́tò kan wà ní ìgboro àtijọ́ Spandau, Jámánì arúgbó kan tó ní irùnmú funfun. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí a kẹ̀yìn sí i, ó rò pé inú ló bí wa. Àṣàkẹ́ tó gbọ́ èdè wọn jù mí lọ ṣàlàyé fún un pé ìyá wa ló fẹ́ yẹ iṣẹ́ wò. Láti ọdún kejì, òun fúnra rẹ̀ ló ń pàṣẹ: "Und jetzt umdrehen, meine Damen." Àwa náà á yí padà bí ọmọ iléèwé, ẹ̀rín á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Bí fọ́tò bá dé Ìlá, ìyá wa á gbé ti ojú tì, á mú ti ìpàkọ́ jáde sí oòrùn. Bí ìlà kan bá wọ́, etí wa á gbọ́ ọ.

Inú yàrá kan ní Marzahn, nínú ìlú kan náà tí èmi wà, ni Àṣàkẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í di irun fáwọn èèyàn, lórí àpótí ọtí tí ó fi tìmùtìmù bò. Nígbà tí Akínlabí ọkọ rẹ̀ ríṣẹ́ sí èbúté Hamburg, ó tẹ̀ lé e lọ. Akínlabí padà sílé láti lọ sìnkú bàbá rẹ̀, kò sì wá mọ́. Àbúrò mi ò sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Ó gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ó fi àwòrán orí àwọn oníbàárà sára ògiri, iṣẹ́ yá.

Ìgbà òtútù ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń dí jù. Ó ní òtútù ilẹ̀ yìí kì í pariwo kó tó jẹ irun èèyàn. Nínú ilé, Heizung, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, á fa omi ara irun gbẹ. Níta, fìlà onírun àgùntàn á máa ha á díẹ̀díẹ̀, títí iwájú orí á fi pá. Ẹni tó bá wọlé tòun ti fìlà bẹ́ẹ̀, Àṣàkẹ́ á gbà á lórí rẹ̀, á rán sátíìnì sínú rẹ̀ kó tó dá a padà. Kò gbà kí ẹni tí irun rẹ̀ tutù jáde ní ṣọ́ọ̀bù òun. Bí Oṣù Kọkànlá bá ti wọlé, irun kíkó ló máa ń bá wọn sọ, kí wọ́n fi òwú dúdú kó o mọ́lẹ̀, kí òrí wà nídìí rẹ̀, kí wọ́n má tú u títí Kérésìmesì á fi kù dẹ̀dẹ̀. Bí wọ́n bá wá tú u, irun á ti gùn, á rọ̀ bí irun ọmọ tuntun. Àwọn èèyàn ń ti Bremen wá, wọ́n ń ti Kiel wá.

Èmi ń nu ilẹ̀ ọ́fíìsì ní Moabit. Kò sẹ́ni tó ń wọ ọkọ̀ láti Kiel wá wo ilẹ̀ tí mo nù. Bí a bá jọ dé ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ làwọn obìnrin máa ń rọ́ lọ, wọ́n á máa fọwọ́ kan irun rẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n Àǹtí Àṣàkẹ́?" Màá ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dùn mí, kò sì dùn mí, nítorí ohun kan wà tí gbogbo wọn ò mọ̀. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Àṣàkẹ́ tó ń di orí gbogbo ayé, nínú gbogbo Jámánì, ọwọ́ tèmi nìkan ló ń di ìpàkọ́ rẹ̀. Èyí ló tó mi.

Ìgbà tó yá ni Roseline dé. Ọmọ Sapele ni, Mushin ló gbé dàgbà, ó gbọ́ Yorùbá bí ẹni tí a bí sí i. Àṣàkẹ́ gbà á sí ṣọ́ọ̀bù. Ìka rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó yára, kì í sọ̀rọ̀ jù. N kì bá tí rí nǹkan kan sọ sí i, bí kì í bá ṣe pé kò lè dárúkọ àbúrò mi láìfi "mi" kún un. "Àǹtí mi sọ pé. Àǹtí mi ti jáde." Mo bi Àṣàkẹ́ lọ́jọ́ kan pé ìgbà wo ni ìyá wa bí èyí. Ó ní kí n fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀.

Ní Kérésìmesì ọdún 2006, Àṣàkẹ́ wọlé sí mi láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin, yìnyín wà léjìká rẹ̀. Mo ti gbé àga sẹ́bàá fèrèsé, mo ti gbé òòyà àti òrí kalẹ̀. Ó jókòó, ó ṣí fìlà. Wọ́n ti di irun náà. Kòlẹ́sẹ̀ ni, ìlà rẹ̀ gún bí ẹni fi rúlà fà á, láti iwájú títí dé ìpàkọ́.

Mo bi í pé ta ló dì í.

"Roseline ni," ó wí. "Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti ń já létí, mo ní kó tètè bá mi mú u kúrò nínú òtútù."

Mo ní kò burú. Mo kó òòyà nílẹ̀. Mo bu ìrẹsì fún un, mo bu ọbẹ̀ lé e, ẹran tí mo fi sí i lọ́jọ́ náà kéré, ó sì rí i. A lọ sọ́dọ̀ oní-fọ́tò. Ó ní kí a yí padà, a yí padà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí fọ́tò dé Ìlá, ìyá wa pè. Ohùn rẹ̀ dùn débi pé mo rò pé ẹnì kan bímọ.

"Adéọpẹ́, ọwọ́ rẹ mà ti mọ̀ ọ́n ṣe lọ́dún yìí. Àbí o lọ kọ́ṣẹ́ ni? Irú ìpàkọ́ yìí ni mo ti ń wá láti ọjọ́ yìí."

Mo ní, "Màámi, kì í ṣe ọwọ́ mi."

Ó bi mí pé ọwọ́ ta ni. Mo sọ ọ́ fún un. Láti ọjọ́ náà, bí ìyá wa bá ti kí mi tán, tó kí ọmọ mi, ohun tó kàn ni, "Roseline ńkọ́? Bá mi kí i o. Kó máa bá mi tọ́jú orí ọmọ mi." Àfi bí ẹni pé mo ti kú. Ẹni tí kò rí rí, tí kò mọ ojú rẹ̀, ló ń gbàdúrà fún lórí fóònù tí èmi san owó rẹ̀.

Gbogbo ọdún 2007 ni mo fi kọ́ ọwọ́ ara mi. Ọjọ́ Ìsinmi tá a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Tópẹ́ ọmọ mi ni màá mú jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi, màá di kòlẹ́sẹ̀ fún un, màá tú u, màá tún un dì. Á máa ké pé, "Mama, das tut weh." Èmi náà, ó ń dùn mí. Omi ìfọlẹ̀ ti mú àwọn ìka mi wú, láàárọ̀ wọn kì í fẹ́ ká. Màá ki wọ́n bọ omi gbígbóná tó ní iyọ̀ kí ilé tó jí. Mo rò pé kò sẹ́ni tó mọ̀. Nígbà tí Kérésìmesì ń bọ̀, mo sọ fún Àṣàkẹ́ pé lọ́tẹ̀ yìí kó gbé orí rẹ̀ wá bó ṣe wà. Bí a ṣe dórí ìpè ọjọ́ ẹ̀wà yẹn nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, Roseline pè mí. Kò pè mí rí. Ó ń sunkún, ó ní Àǹtí òun ṣubú nídìí oníbàárà, òwú ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Hamburg. Kí n tó dé, ó ti pin. Dókítà ní iṣan kan ló bẹ́ nínú orí.

Àwọn àbúrò wa ọkùnrin tó wà ní Ìlá ní kí a sin ín sí Hamburg níbẹ̀. Òbí kì í rí sàréè ọmọ rẹ̀. Wọ́n ní kí ẹnì kankan má sọ fún ìyá wa, pé àwọn ló máa wá bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ṣe. A kì í sin obìnrin tòun ti irun wúruwùru, Àṣàkẹ́ ni yóò wá rí bẹ́ẹ̀? Mo ní èmi ni màá dì í.

Ọkùnrin tó ń tọ́jú òkú mú wa wọ yàrá kékeré kan. Èmi àti Roseline la lọ, nítorí òun ló mọ ibẹ̀, òun ló gbé òòyà àti òrí dání. Àbúrò mi sùn gbalaja, ó kọjú sókè. Irun rẹ̀ wà bó ti sọ fún mi: títú, fífọ̀, òórùn òrí ṣì wà lára rẹ̀. Kò jẹ́ kí ẹnì kankan fọwọ́ kàn án.

Òrí inú ìkòkò ti dì gbagidi nítorí òtútù. Mo rà á láàárín àtẹ́lẹwọ́ títí ó fi yọ́. Mo la ìlà àkọ́kọ́, mo bẹ̀rẹ̀. Ìka mi ò tètè ká, ṣùgbọ́n iwájú gún. Mo ń dì í bọ̀ láti iwájú, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, títí mo fi dé àtàrí. Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé orí náà wúwo lórí ìrọ̀rí, mi ò sì lè gbé e sókè kí n tún máa dì í. Ọwọ́ méjì la fi ń dirun.

Roseline sún mọ́ mi.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé orí wọn sókè. Ẹ̀yin lẹ máa dì í o. Kí n kàn gbé e ni."

Mo ní kó dúró síbi tó wà.

Ó dúró. Ó tún ní, "Àǹtí mi sọ fún mi pé ọwọ́ ń dùn yín. Ìdí tí wọ́n ṣe ní kí n dì í léṣìí nìyẹn, kí ẹ lè sinmi. Wọ́n ní ẹ ò ní gbà bí àwọn bá sọ ọ́ fún yín."

Mo wò ó. Àwọn méjèèjì jókòó ní Hamburg, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọwọ́ mi. Mo bi í pé, "Ìwọ ló wá sọ ọ́ fún?"

Mo ti apá òsì mi bọ abẹ́ ọrùn àbúrò mi, mo gbìyànjú láti fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan di ìyókù. Kò ṣeé ṣe. Roseline wà lára ògiri, ó ká ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ra, ó ń wò mí. Mi ò pè é. Ọkùnrin náà kan ilẹ̀kùn, ó ní àkókò ti tó. Mo fi òrí pa irun tó kù, mo tẹ́ ẹ sórí ìrọ̀rí, wọ́n sì pa pósí dé.

Roseline ló ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù báyìí. Mi ò débẹ̀ mọ́. Fọ́tò tó kẹ́yìn lọ́wọ́ ìyá wa, tó ń gbé jáde sí oòrùn tó ń fi han àlejò, iṣẹ́ ọwọ́ Roseline ló wà lórí rẹ̀. Àwọn àbúrò wa ò tíì sọ ikú Àṣàkẹ́ fún un. Ní ọdún tuntun, ó pè mí, ó ní òun ò tíì rí fọ́tò, ó ní bí kò bá sáyè, kí a má yọ ara wa lẹ́nu pẹ̀lú ti ojú, kí a sáà fi ti ìpàkọ́ ránṣẹ́.

Iwájú orí Àṣàkẹ́ ni mo dì. A ò di ìpàkọ́ rẹ̀.