Mítà Mẹ́rin Tó Kù

Ọjọ́ tí Wọ̀n-ọ́n-wò fọn fèrè dá ayọ̀ dúró, àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó tún jẹ́ akọ̀wé rẹ̀, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí pápá.

Ọkùnrin náà, tó ti di olóògbé báyìí, ni olórí eré ìdárayá ní yunifásítì ńlá kan nígbà náà. Wọ̀n-ọ́n-wò ni wọ́n ń pè é, torí kò gba ohunkóhun gbọ́ àfi tó bá fi téèpù wọ̀n ọ́n. Lọ́dún yẹn, ọ̀gá àgbà yunifásítì ti là á mọ́lẹ̀ pé bí ẹgbẹ́ àwọn asáré kò bá sáré ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, òun yóò tú wọn ká, pápá wọn yóò sì di ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Lọ́jọ́ ìdíje, ọmọbìnrin kan ta bí ọfà. Kò sẹ́ni tó sáré irinwó mítà báyẹn rí níbẹ̀. Ariwo ta, ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé náà mí kanlẹ̀: wọ́n ti bọ́!

Fèrè dún.

"Ẹ dúró ná! Mo mọ ẹsẹ̀ ọmọ yìí, kì í yá tó báyìí." Wọ̀n-ọ́n-wò fa téèpù yọ.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sápò."

"Ṣé àpò ni yóò wọn ilẹ̀?"

Ó rá yí gbogbo pápá ká. Ẹni tó kun ìlà ti gé kọ́nà kan kúrú: mítà mẹ́rin kù. Ó wá ké sí ọmọ náà, tó ti jókòó, tó ń mu omi.

"Ọmọ mi, wá sá mẹ́rin tó kù."

"Sà, mo ti bọ́ bàtà!"

"Aago tèmi ò tíì dúró o."

Ó sá a láìwọ bàtà. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ta ni Wọ̀n-ọ́n-wò kọ sílẹ̀. Títí dòní, kò sẹ́ni tó tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lórí pápá náà.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó wọn agbọ̀n tí wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù sí rí, ó ní ó fi ìka kan ga jù. Àwọn eléré fò sókè, wọ́n ní ohun tí àwọn fi ń pàdánù nìyẹn. Ó ní, "Ìka kan ló fi ga. Apá kan gbáko lẹ fi ń tàsé."

Nínú ìpàdé kan, ó ní fún ọ̀gá àgbà pé, "Ẹ kú ọ̀rọ̀, sà. Ogójì ìṣẹ́jú lẹ lò, kókó mẹ́ta ni mo rí." Àbúrò rẹ̀ yára fọwọ́ bo ìwé tirẹ̀. Méjì lòun rí.

Ṣùgbọ́n kò sẹ́rìn-ín lẹ́nu Wọ̀n-ọ́n-wò nígbà tí lẹ́tà ọ̀gá àgbà dé lẹ́yìn ìdíje yẹn, pé kó wá rí òun lórí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ náà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ṣáà tọrọ àforíjì."

"Lọ́wọ́ ta ni? Lọ́wọ́ ilẹ̀?"

Ó wọ ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Àbúrò rẹ̀ lẹ etí mọ́ ilẹ̀kùn.

"Ṣé ẹ mọ̀ pé ọwọ́ ara yín lẹ fi tú ẹgbẹ́ yín ká?" ni ọ̀gá àgbà bi í.

"Mo mọ̀, sà."

"Kí ló dé tẹ́ ò dákẹ́?"

Ohùn Wọ̀n-ọ́n-wò lọ sílẹ̀. "Ọmọ yẹn á lọ sáré níbòmíì lọ́la, sà. Pápá tiwọn á pé. Á máa rò pé ẹsẹ̀ òun ti kú."

Àbúrò rẹ̀ túbọ̀ lẹ etí mọ́ ilẹ̀kùn.

"Ẹ lọ tún ìlà yẹn kùn," ni ọ̀gá àgbà wí níkẹyìn. "Ọdún kan sí i."

Ọdún náà kò tíì pé tí Wọ̀n-ọ́n-wò fi kú. Ṣùgbọ́n ọdún kan yẹn ti di mẹ́sàn-án, ẹgbẹ́ kò tú, ọmọbìnrin ọjọ́sí ló sì ń kọ́ wọn báyìí. Bí àwọn asáré tuntun bá dé, akọ̀wé náà ló máa ń sọ ìtàn yìí fún wọn, wọn a rẹ́rìn-ín títí. Tó bá dé ibi ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yẹn, a fi etí aṣọ nu ojú.

"Ẹ sinmi, àǹtí mi," olùkọ́ náà a ní, a sì jókòó tì í. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín parí ẹ̀."