Ìdì Ọta Tí Mo Dì fún Bàbá Mi

Ní Sátidé tó kọjá, ìbọn kan dún nínú igbó díẹ̀ tó kù lẹ́yìn ilé wa ní Ìdó-Ọ̀ṣun. Kò pẹ́ ni aládùúgbò mi wọlé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ọdẹ. Ó gbé ọ̀kẹ́rẹ́ tó pa wá fi hàn mí. Ọ̀kẹ́rẹ́ wo? Ìrù ló kù, àti ẹsẹ̀ kan. Ọta tó yẹ ìgalà ló fi yìn ín. A jọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tán, òórùn ẹ̀tù ìbọn tó wà lára aṣọ rẹ̀ kò tètè kúrò ní pálọ̀, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu mi díẹ̀díẹ̀.

Ìwàrà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni mo dàgbà sí. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi, ó sì tún ń dẹ igbó. Ara ògiri, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé, ló máa ń fi ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ kọ́, ṣùgbọ́n ìkáwọ́ èmi àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin ni ọta wà, nítorí ó ní ojú mi mú. Agolo mílíìkì mẹ́ta ló kó wọn sí. Èyí tó rí wẹ́wẹ́ bí ọkà bàbà wà fún àparò, èyí tó tó ẹ̀wà wà fún ọ̀yà, èyí tó tó ekùrọ́ sì wà fún ìgalà àti túùkú, ẹlẹ́dẹ̀ igbó tí gbogbo àgbẹ̀ ń bẹ̀rù. Èmi ni mo máa ń dì wọ́n sínú àkísà, ìdì kan fún ìyìn kan, kí bàbá kàn ki í bọ inú ìbọn.

"Bó o bá fi ọta ìgalà yin àparò," ó máa ń wí, "ebi lásán ló máa pa wá. Ṣùgbọ́n bó o bá fi ọta àparò yin ìgalà, ẹran náà á gbé ìrora wọgbó lọ."

Nígbà ọyẹ́ kan, túùkú bẹ̀rẹ̀ sí í tú oko kókò opó kan tó múlé gbè wá lóko. Bàbá ní kí n di ọta túùkú méjì sílẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń pàtẹ́wọ́ lóde, eré ti wọ̀ wọ́n lára. Mo na ọwọ́ sí agolo tó sún mọ́ mi jù, mo dì í láìwò, mo sáré jáde.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n fi ọwọ́ gbé bàbá wálé. Ó yin túùkú, ọta bà á, ṣùgbọ́n ṣe ni ẹran náà yíjú sí i. Ibi tí bàbá ti ń gun igi obì ni ẹran náà ti fi eyín la itan rẹ̀.

Nígbà tí ìyá mi lọ gbé omi gbígbóná, bàbá tú ìdì kejì sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ọta àparò ni. Ó wò ó, ó wò mí. Mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Dìde. Ta ló tún mọ̀?"

"Kò sẹ́nì kankan."

Ó pa ọwọ́ dé. Nígbà tí àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ dé, tí wọ́n ń bi í bó ṣe jẹ́, ó ní, "Èmi ni mo ṣi ọta mú. Ojú ń di ti àgbà." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì sọ ọ́ ní Bàbá Ọlọ́ta Àparò.

Ní ọjọ́ kẹta, ó mú ọ̀pá, ó ní kí n tẹ̀lé òun. Ìyá mi figbe ta. "Ẹsẹ̀ yìí náà lẹ fẹ́ gbé lọ sóko?"

"Mo ti yìn ín," ó ní. "Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti di tèmi."

Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní kí n ka ọta náà sí àtẹ́lẹwọ́ mi kí n tó dì í. A tọ ipa ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ títí dé etí odò. Túùkú náà dùbúlẹ̀, eṣinṣin bò ó, ó ṣì ń mí, ṣùgbọ́n kò lè dìde mọ́. "Wò ó dáadáa," bàbá sọ fún mi. Mo wò ó. Ìyìn kan ṣoṣo ló parí rẹ̀. Mo sunkún dé ilé, kò sì sọ pé kí n dákẹ́.

Oko yẹn ti di ilé báyìí. Katiriji tí wọ́n ti kọ ìwọ̀n sí lára ni àwọn ọdẹ ń rà, kò sọ́mọ tó ń ṣa ọta mọ́. Mo ṣiṣẹ́ ní Àbẹ̀rẹ̀, olú ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo rí àwọn ọ̀gá tó ń ti ẹ̀bi ara wọn sí ọmọ abẹ́ wọn lọ́rùn. Ojoojúmọ́ ni mo ń rántí ọwọ́ tó pa dé yẹn.

Bàbá tiro dé ọjọ́ ikú rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò yé fi orúkọ yẹn pè é. Ìyá mi pàápàá, tó máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, kú láìmọ̀. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ ń sọ ọ́ fún pé ọwọ́ mi ló di ọta náà.