Gáàsì Olójú Mẹ́rin

Ọjọ́ tí dókítà ṣí ohun tí wọ́n fi bo ojú ìyá ọkọ mi, ọ̀rọ̀ kan ló tẹnu mọ́ jù: wọn ò gbọdọ̀ sún mọ́ èéfín mọ́. Ó ti pẹ́ tí nǹkan funfun kan ti ń bo ẹyinjú wọn, débi pé wọ́n máa ń da omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, kí wọ́n tó gbà fún wa pé ká ṣe iṣẹ́ abẹ. Ìyá dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, wọ́n ṣàdúrà fún un, wọ́n sì bá a rẹ́rìn-ín. Ìgbà tá a wọ mọ́tò tán ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tinú wọn.

"Tí mi ò bá gbọdọ̀ dáná igi, tí mi ò gbọdọ̀ fẹ́ èédú, ṣé oòrùn ni kí n máa sá ọbẹ̀ mi sí ni?"

Ọkọ mi ló ń wa mọ́tò. Kò jẹ́ kí wọ́n dákẹ́ tán kó tó fèsì.

"Gáàsì ni, Màmá. A máa tún ilé ìdáná yín ṣe látòkèdélẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

Ara fu èmi tí mo jókòó sẹ́yìn. Ọkọ mi kì í ṣe ẹni tó ń yára sí nǹkan. Gílóòbù tó bá jó ní balùwẹ̀ wa lè wà bẹ́ẹ̀ títí a ó fi gbàgbé pé iná ń tàn níbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù mélòó kan, ó ti kun ilé Ìyá ní Ọ̀yọ́, ó ti pààrọ̀ ilẹ̀kùn àwọn yàrá tí ẹnikẹ́ni ò sùn sí, ó sì ti fa omi wọ inú ilé. Mo ti ń rò ó pé ìfẹ́ ìyá ni. Ilé ìdáná ló wá kù báyìí, àfi bíi pé ẹnì kan ń lé e.

Ògbómọ̀ṣọ́ là ń gbé, níbi tí mo ti ń ránṣọ nítòsí Ọjà Igbó. Ìyá nìkan ló kù nínú ilé tí bàbá ọkọ mi kọ́ sí Ọ̀yọ́ kí wọ́n tó kú. Ọkọ mi nìkan ni ọmọ wọn tó wà nítòsí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wà ní Kánò. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ wa ni Ìyá dúró sí kí ojú wọn lè san dáadáa.

Èmi àti Ìyá kì í jà, àmọ́ a kì í fọkàn tán ara wa. Tí mo bá fi iyọ̀ sọ́bẹ̀, wọ́n á tọ́ ọ wò lẹ́yìn mi. Tí wọ́n bá bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, èmi náà á pe ọmọ, màá bi í léèrè ohun tí wọ́n sọ. Bó ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn látìgbà tí mo ti wọlé ọkọ. Ó wá yà mí lẹ́nu lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí mo ń ṣa ẹ̀wà, tí wọ́n fa àpótí wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí wọ́n sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyàwó, kí ló wọ ọkọ rẹ nínú?"

"Kí ló ṣe, Ìyá?"

"Ó bi mí lánàá bóyá ilé ìdáná mi lè gba fíríìjì tó ga tó ilẹ̀kùn. Mo ní kí ni mo fẹ́ kó sínú ẹ̀. Ó ní kí n má ṣèyọnu. Èmi ni mo bí i. Tó bá ti ní kí n má ṣèyọnu, ó ti ṣe nǹkan kan sílẹ̀ nìyẹn."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dénú. Èmi náà ti ń rí i tó ń dìde nídìí oúnjẹ lọ gba fóònù lẹ́yìnkùlé, tó bá sì wọlé, á ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni. Mi ò sọ fún Ìyá. Mo kàn ń ṣa ẹ̀wà lọ.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọkọ mi kó wa lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Tákíè. Àwọn fíríìjì tí wọ́n fi ọ̀rá wé wà níta títí dé ojú gọ́tà. A ò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán tí oníṣọ́ọ̀bù fi ń kígbe pé, "Ẹ̀gbọ́n mi! Alájà, ẹ káàbọ̀, ẹ kú ojú, Ọlọ́run á jẹ́ ẹ fi ríran pẹ́." Ìyá dáhùn àmín, wọ́n sì yíjú sí mi. Ohun tó wà lójú wọn ni mo ń rò lọ́kàn: ta ló sọ fún un pé a ṣe ojú?

Fíríìjì gíga kan ni ọkùnrin náà kọ́kọ́ mú wa lọ bá. Ìyá ní kó ya ọ̀rá ara rẹ̀. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n ti orí bọ inú rẹ̀, wọ́n fa imú.

"Ẹja ti gbé inú eléyìí rí."

"Há, Alájà! Tuntun ni o. Wàláì, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já a sílẹ̀ ni."

"Mi ò tíì bi ọ́ bóyá tuntun ni."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dógùn-ún, wọ́n wá fi ọ̀dà funfun kùn ún bò. Mo fi han Ìyá. Láti ọdún tí mo ti mọ̀ wọ́n, mi ò rántí ìgbà tí wọ́n tì mí lẹ́yìn lójú ènìyàn rí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ní, "Ìyàwó mi ti rí i. Fi ọwọ́ kàn án kó o wò ó." Oníṣọ́ọ̀bù wá ní tòkunbọ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́ ju tuntun lọ. Ọkọ mi ní òun ò mọ̀, tuntun ni wọ́n sọ fún òun. Mo wo ojú rẹ̀, mi ò rí nǹkan kan kà níbẹ̀.

Ọkùnrin náà rí i pé ọjà ti fẹ́ bàjẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́, ló bá yára sún wa síwájú gáàsì ńlá kan tó ń dán. Ojú mẹ́rin ló ní, ibi tí wọ́n ti ń yan adìẹ àti búrẹ́dì wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Èyí gan-an ni Ẹ̀gbọ́n sọ pé àwọn fẹ́."

Ìyá yí i po. "Ojú mẹ́rin? Èmi nìkan? Kí ni mo fẹ́ máa sè lórí mẹ́ta tó kù?"

"Ó dáa kó pọ̀, Màmá," ni ọkọ mi wí. "Àlejò lè dé."

"Àlejò wo?"

Oníṣọ́ọ̀bù rò pé òun ń gbà á sílẹ̀. Ó ní, "Alájà, èyí ni àwọn tó ń gba ilé máa ń bèèrè jù. Ọmọ iléèwé mẹ́rin lè dáná lẹ́ẹ̀kan náà láìjà. Tí wọ́n bá wá wo ilé yín, tí wọ́n rí èyí, wọn ò ní lọ wo ibòmíràn mọ́."

Ọkọ mi wúkọ́. Ó ti pẹ́ jù.

Ọ̀kadà ń kọjá lójú títì, ẹnì kan ń polówó káàdì fóònù. Ìyá ò bi ọkọ mi ní nǹkan kan. Èmi ni wọ́n kọjú sí.

"Ìyàwó, o mọ̀ sí i?"

"Mi ò mọ̀, Ìyá."

"Wò mí lójú."

Mo wò wọ́n. Ojú yẹn, tó jẹ́ pé ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, kò lè dá mi mọ̀ àfi tí mo bá sọ̀rọ̀, ó mọ́ rekete, ó sì dúró lójú mi láìṣẹ́. Ẹ̀rù bà mí, bí mi ò tilẹ̀ ṣe nǹkan kan. Mo mọ̀ pé tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ láàárín ìyá àti ọmọ, ìyàwó ni wọ́n á kọ́kọ́ di ẹrù rẹ̀ lé lórí. Ó pẹ́ kí wọ́n tó mójú kúrò.

"Kò mọ̀," ni wọ́n sọ, bíi pé wọ́n ń dájọ́. Wọ́n jáde, wọ́n lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù.

Inú ti ń bí mi. Mo dojú kọ ọkọ mi. "Dádì, inú ilé kan náà la jọ ń gbé. Orí ibùsùn kan náà la jọ ń sùn. Ẹ fẹ́ kó ayálégbé sílé Ìyá, èmi ò gbọ́, oníṣọ́ọ̀bù gbọ́?"

"Tí mo bá sọ fún ẹ, ojú ẹ á ti sọ fún wọn."

A jáde lọ bá wọn. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ tó kún fún eruku yẹn, pẹ̀lú ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú. Ẹ rántí ìgbà tí mo pè yín títí, tẹ́ ẹ ò gbé fóònù? Mo wa mọ́tò wá sí Ọ̀yọ́. Ìdí iná ni mo bá yín. Ẹ ń fi ọwọ́ tá inú afẹ́fẹ́, ẹ ń wá ìkòkò tó ń hó níwájú yín. Ẹ ò mọ̀ pé mo ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Látọjọ́ yẹn, mi ò lè sùn dáadáa. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà, ni mo ṣe ní kí n kọ́kọ́ tún ilé ṣe ná, kí n rí ẹni tó máa gbé e."

Èmi gan-an ò gbọ́ ìtàn ìkòkò yẹn rí. Ara mi rọ̀ díẹ̀. Ti Ìyá ò rọ̀.

"Ìgbà yẹn, mi ò ríran," ni wọ́n wí. "Mo ti ń ríran báyìí. O mú mi lọ ṣe ojú, o wá fẹ́ gba ilé mi kí ojú ọ̀hún tó san. Dìde. Èmi fúnra mi ni màá yan ohun tí màá lò."

A ò ra nǹkan kan ní Tákíè. Ọ̀dọ̀ obìnrin kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò jìnnà sí tèmi ní Ọjà Igbó la lọ. Ìyá yan gáàsì pẹlẹbẹ olójú méjì, èyí tí wọ́n ń gbé ka orí tábìlì. Wọ́n ní kí obìnrin náà tàn án níbẹ̀ kí àwọn rí iná rẹ̀. Wọ́n yan fíríìjì kan tí kò ga kọjá ìbàdí, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbóòórùn inú rẹ̀ tẹ́ wọn lọ́rùn. Gbogbo ohun tí ọkọ mi bá tọ́ka sí, wọn kì í wò ó.

Nígbà tá a gbé ẹrù náà dé Ọ̀yọ́, ẹni tó wá so rọ́bà gáàsì fi omi ọṣẹ pa á lára, ó ní kò jò, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìyá ò gbà á gbọ́. Wọ́n lọ dúró sídìí kànga lẹ́yìnkùlé, wọ́n sì pe ọmọ wọn lórúkọ tí wọ́n fi ń pè é ní kékeré.

"Ìwọ lo fẹ́ gáàsì. Ìwọ ni wàá tàn án. Dín ẹyin kí n wò ó."

Ọkọ mi ò dín ẹyin rí láyé rẹ̀. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mi ò ràn án lọ́wọ́. Ó ṣá ìṣáná, iná rẹ̀ kú, ó tún ṣá òmíràn. Nígbà tí iná dún bùù, ó fò sẹ́yìn, Ìyá náà sì fò sẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ó da epo púpọ̀ sí i, ó fọ́ ẹyin tèèpo-tèèpo, ẹ̀gbẹ́ kan jóná, ẹ̀gbẹ́ kejì ń ṣàn. Òógùn bo gbogbo ojú rẹ̀.

Ìyá wọlé. Ẹnu sílíńdà ni wọ́n kọ́kọ́ lọ tì pa, wọ́n gbóòórùn ilé ìdáná yí ká, kí wọ́n tó bu ẹyin náà sẹ́nu. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, èèpo nìkan ni wọ́n tu sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo rí omi lójú ọkọ mi. Ó ní epo ló ta sí òun lójú.

Ó ṣe díẹ̀ tá a ti fi Ìyá sílẹ̀ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n pè mí láago. Èmi ni wọ́n pè, kì í ṣe ọmọ wọn.

"Ìyàwó, ó tún ti bẹ̀rẹ̀ o. Ọmọbìnrin kan dúró sẹ́nu ọ̀nà mi, ó ní òun jẹ́ ọmọ iléèwé, òun gbọ́ pé yàrá wà."

"Ta ló sọ fún un?"

"Ó ní àwọn èèyàn ni."

Mo kọjú sí ọkọ mi níbi tó jókòó sí. Ó búra pé òun ò rán ẹnikẹ́ni, pé òun ti sọ fún aṣojú ilé tó ń bá òun wá ayálégbé pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ó jọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ó tún rọra bi mí, ó ní, "Ṣé ọmọ náà mọ̀wàáhù?" Ìbéèrè yẹn ni mi ò lóye títí dòní.

Mo ní kí Ìyá lé e lọ tí ọkàn wọn ò bá balẹ̀. Wọ́n ní kí n dúró ná. Mo ń gbọ́ ohùn wọn lórí fóònù bí wọ́n ṣe ń bi ọmọ náà ní orúkọ bàbá rẹ̀, ìlú tí wọ́n ti wá, bóyá ó máa ń kírun, bóyá ó mọ bí wọ́n ṣe ń ti gáàsì pa. Nígbà tó yá, mo gbọ́ tí omi ń ṣàn, tí abọ́ ń kanra wọn.

Yàrá ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni wọ́n fún un, yàrá kan péré, òun nìkan. Nígbà tá a lọ kí wọn, Ìyá fà mí wọ ilé ìdáná, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé.

"Mo mọ̀ pé ọkọ rẹ ló rán an wá," ni wọ́n wí. "Má sọ fún un pé mo mọ̀. Ọmọ náà mọ ìkòkò fọ̀."