Òógùn Ẹṣin Nínú Wáìnì Crisóforo

Crisóforo Arballo kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí wọ́n bá bi í pé báwo ni wáìnì rẹ̀ ṣe rí lẹ́nu, á ní, "Ó pọ́n." Ó tán.

Bàbá rẹ̀ ló gbin àjàrà náà sí àfonífojì Guadalupe, lẹ́yìn ìlú Ensenada, níbi tí kùrukùru òkun ti ń wọlé láàárọ̀, tí oòrùn á sì máa jó ilẹ̀ lọ́sàn-án. Irú àtijọ́ ni, èyí tí àwọn àlùfáà kó wá. Crisóforo kì í fi wáyà gbé e, ṣe ló ń fi í sílẹ̀ kó lóṣòó bí igbó kúkúrú. Omi kànga ibẹ̀ níyọ̀, nítorí náà wáìnì ibẹ̀ náà níyọ̀ díẹ̀. Gbogbo ará àfonífojì náà mọ̀, ẹnikẹ́ni kì í sọ ọ́.

Hermelinda, ìyàwó rẹ̀, ló fẹ́ kí wọ́n hú àjàrà náà. Ó fẹ́ kọ́ yàrá onígíláàsì síbẹ̀, kí àwọn àlejò láti ìlú ńlá Tijuana lè máa sùn kí wọ́n sì máa wo ìràwọ̀.

"Ṣé ìràwọ̀ ò sí ní Tijuana ni?" ni Crisóforo bi í.

"Ó wà. Iná ò jẹ́ kí wọ́n rí i."

"Kí wọ́n paná."

Wọ́n bá ara wọn jà títí ó fi sú wọn, wọ́n wá ṣàdéhùn. Señorita Nereida ló ń yan wáìnì fún ilé oúnjẹ ńlá ẹ̀bá títì. Tó bá mú ti Crisóforo fún àjọ̀dún ìkórè, àjàrà dúró. Tí kò bá mú un, katakata á wọlé lọ́jọ́ Ajé. Àbúrò Hermelinda ló ni katakata ọ̀hún, ó sì ti da epo sí i.

Nereida dé lọ́jọ́ Sátidé. Hermelinda lè fẹ́ hú àjàrà, ṣùgbọ́n kò jẹ́ fún àlejò ní ìjẹkújẹ. Ó ti gbé ọbẹ̀ àgùntàn aláta pupa kaná láti òwúrọ̀, ó sì gé wàràkàṣì sórí àwo. Filiberto Samarin, ọ̀rẹ́ Crisóforo, náà wà níbẹ̀. Rọ́ṣíà ni àwọn bàbá ńlá rẹ̀ ti wá, ẹ̀sìn wọn kò sì gba ọtí. Lọ́dọọdún ni Filiberto ń wá gbóòórùn wáìnì ọ̀rẹ́ rẹ̀, á gbóòórùn rẹ̀ tán, á sì lọ sílé.

Nereida tọ́ ọbẹ̀ wò. Ó yí ife po, ó ti imú bọ̀ ọ́, ó mu ún, ó dijú.

"Èso ṣẹ́rì gbígbẹ," ló wí. "Iyọ̀ òkun. Ewé tí wọ́n sá sóòrùn. Awọ gàárì." Ó tún ti imú bọ ife náà. "Àti òógùn ẹṣin."

Crisóforo ṣí fìlà rẹ̀. "Señorita, ẹṣin mi kò wọ inú àgbá mi rí."

"Don Crisóforo, mi ò sọ pé ó wọ̀ ọ́."

"Ẹ ní òógùn rẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣé òógùn lẹ́sẹ̀ ni?"

Filiberto wúkọ́. "Compadre, nígbà tí à ń tẹ èso wáìnì yìí, níbo ni Canelo ẹṣin rẹ wà?"

"Nínú ilé ẹṣin."

"Mo rí i lẹ́nu ọ̀nà níbí."

"Ó ń kọjá lọ ni."

"Ó ń kọjá lọ, ó sì ń làágùn."

"Ìwọ tí o ò mutí, ta ló bi ọ́?"

"Èmi ni mo mọ òórùn rẹ̀ jù. Iṣẹ́ mi nìyẹn."

Crisóforo dìde, ó jáde, ó fa Canelo wọlé. Ẹṣin náà fi ìdí gbá àga ṣubú.

"Ẹ gbóòórùn rẹ̀," ló wí fún Nereida. "Ṣé òun nìyí?"

Nereida gbóòórùn ọrùn ẹṣin. Ó gbóòórùn ife. Ó padà sí ọrùn.

"Òun náà ni."

Hermelinda rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Crisóforo fojú inú rí katakata.

"Nítorí òógùn yẹn gan-an ni mo ṣe fẹ́ ẹ," ni Nereida wí. "Ata pupa yìí ń pa wáìnì mìíràn lẹ́nu mọ́. Tiyín ń bá a jà. Àmọ́ màá kọ ọ́ sára pátákó wa pé ó ní òógùn ẹṣin. Ṣé ẹ gbà?"

Hermelinda ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Má gbà o, bàbá arúgbó. Kí làwọn ará abúlé El Porvenir máa sọ? Wọ́n á ní ọmọ Arballo ń wẹ ẹṣin nínú ọtí. Orúkọ bàbá rẹ nìyẹn."

Òótọ́ ló sọ, ìyẹn ló sì dun Crisóforo. Ó wo àjàrà bàbá rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ó wo Canelo, tó ń jẹ wàràkàṣì àlejò.

"Ẹ kọ ọ́," ló wí. "Ó wọ inú àgbá."

"Kò wọ̀ ọ́, Don Crisóforo. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa wáìnì ni."

"Ó wọ̀ ọ́. Èmi ni mo tì í wọlé. Lẹ́ẹ̀mejì."

Filiberto mi orí, ó ní òun mọ̀.

Lọ́jọ́ àjọ̀dún, wáìnì Crisóforo tán kí ẹran tó jinná. Láti ìgbà náà ni àwọn ará Tijuana ti ń wá sílé wọn. Wọn kì í wo ìràwọ̀. Ṣe ni wọ́n ń tò sẹ́nu ilé ẹṣin, tí wọ́n ń gbóòórùn Canelo lọ́kọ̀ọ̀kan, tí Hermelinda ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má fọwọ́ kan etí rẹ̀, ó máa ń bínú.

Ọkùnrin kan tó mọ̀wé bi Crisóforo pé báwo ni irú ẹṣin ńlá báyìí ṣe gba ẹnu àgbá tóóró yẹn kọjá.

Crisóforo rò ó.

"Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé," ló wí.